Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹ́límẹ́ǹtì Tiyín Sílẹ̀, Kí Ẹ sì Fi Ṣeré: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣẹ́ Ọnà

Ẹ́límẹ́ǹtì 118, ìyẹn ohun tí a kò lè tú sí ohun mìíràn mọ́, ló wà lórí àtẹ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì lónìí, láti orí hydrogen tó fúyẹ́ jù lọ títí dé oganesson. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ayàwòrán, agbẹ́gilére, aláró, òṣèré àti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un: ẹ́límẹ́ǹtì àròsọ, tí a fi ọkàn dá, tí a sì ń dán wò bí ẹni ń ṣeré.

Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré tó ní òfin ni. Ayò kì í dùn bí oníkálùkù bá ń ju ọmọ ayò síbi tó wù ú. Mo ti rí iṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n pè ní ẹ́límẹ́ǹtì àròsọ, tó jẹ́ pé orúkọ tó dùn létí àti àwọ̀ tó ń dán ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó dá wọn lè fi wọ́n ṣe ohunkóhun nígbàkigbà, ìdí sì nìyẹn tí wọn kì í fi í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, títí kan ẹni tó dá wọn. Ẹ́límẹ́ǹtì tó bá dáńtọ́ gbọ́dọ̀ lè kọ̀ fún yín. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, ìwà mi kọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí forí lé.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Kò sí ohun ọ̀wọ́n nínú wọn. Ìwé àjákọ kan tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn. Kádíbọ́ọ̀dù tí ẹ gé sí ìwọ̀n kan náà. Pẹ́ńsù àti rúlà. Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Àga oríṣiríṣi tó bá wà nílé. Fún ìdánwò olómi, ẹ ra ìsápá gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe zobo, káún díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, pépà funfun tó nípọn, búrọ́ọ̀ṣì, àti gíláàsì pẹlẹbẹ kan, irú èyí tó máa ń wà nínú férémù fọ́tò.

Ẹ mú ohun tí kò ṣeé tú mọ́

Ohun tó sọ ẹ́límẹ́ǹtì di ẹ́límẹ́ǹtì ni pé kò sí ọgbọ́n kẹ́mísìrì tó lè tú u sí ohun méjì mìíràn. Ẹ́límẹ́ǹtì ni irin, bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà, fàdákà, bàbà àti òjé. Idẹ kì í ṣe ẹ́límẹ́ǹtì, nítorí bàbà àti zinc ni wọ́n yọ́ pọ̀ tó fi di idẹ. Omi pàápàá kì í ṣe é. Hydrogen àti ọ́síjìn ló so pọ̀ di omi.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní ẹ́límẹ́ǹtì tí àwọn fẹ́ dá ni Ìfẹ́, tàbí Èkó. Ẹ tú ìfẹ́ wò: àárò wà nínú rẹ̀, owú wà níbẹ̀, sùúrù wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà kò gbẹ́yìn. Àdàlù ni. Ti Èkó tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ohun kékeré tí ojú lè rí, tí etí lè gbọ́ tàbí tí ara lè mọ̀, tí ẹ bá gbìyànjú láti tú u, tí ẹ kò rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí màá lò látòkè délẹ̀ ni òjìji. Ẹ jókòó tì í fún ọ̀sán kan, kí ẹ kọ ìwà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má kọ èyí tí ẹlòmíràn kò lè yẹ̀ wò. Kò ní ìwúwo. Ó ní olówó, ìyẹn ohun tó ni ín, kò sì lè dá wà láìsí olówó rẹ̀. Olówó rẹ̀ kúrò, òun náà kúrò, kò dúró gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó máa ń gùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó máa ń kúrú lọ́sàn-án gangan. Etí rẹ̀ máa ń mú ṣáṣá bí olówó rẹ̀ bá sún mọ́ ilẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ bí olówó rẹ̀ bá jìnnà sílẹ̀. Gbogbo èyí ṣeé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá kọ pé òjìji ní ìbànújẹ́, ẹ pa á rẹ́, nítorí kò sí bí ẹlòmíràn ṣe lè wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá ìdílé fún un

Ẹ́límẹ́ǹtì kan ṣoṣo kò lè dá sọ̀rọ̀. Ní 1869, Dmitri Mendeleev, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Rọ́ṣíà, to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, tí gbogbo wọn jẹ́ 63, tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe wúwo sí. Ó wá rí i pé bí òun bá ti ń lọ, irú ìwà kan náà á tún yọjú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àwọn tí ìwà wọn jọra ló kó sínú ìdílé kan. Níbi tí ìwúwo àti ìwà bá ti ta kora, ìwà ló tẹ̀ lé: tellurium wúwo ju iodine lọ, síbẹ̀ ó fi tellurium ṣáájú, nítorí pé iodine bá chlorine àti bromine jọ lọ́nà tí ojú kò lè ṣì mọ̀. Ìgboyà rẹ̀ níbẹ̀ wú mi lórí gan-an. Nínú iṣẹ́ tiyín náà, bí nọ́ńbà bá sọ ohun kan, tí ìwà sọ òmíràn, ẹ tẹ̀ lé ìwà.

Ìdílé wo ni òjìji ti wá? Ìdílé àwọn ohun tí nǹkan ń fi sílẹ̀ ní ibi tó bá wà. Ẹ kọ àwọn ẹbí rẹ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan sórí ẹyọ kan, kí ẹ wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí lẹ́yìn tí olówó wọn bá ti lọ. Òjìji ni àkọ́kọ́, nítorí kì í pẹ́ rárá. Gbohùngbohùn tẹ̀ lé e. Ẹ pàtẹ́wọ́ nínú ilé tí wọn kò tíì parí, á dá yín lóhùn, á sì parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn, bíi ti èèyàn tó fín tùràrí tó ti jáde kúrò nínú yàrá, tí ẹ ṣì ń gbọ́ ọ ní wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn òórùn ni ipasẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, tí yóò wà níbẹ̀ títí òjò á fi rọ̀ tàbí títí ẹlòmíràn á fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àpá ló gbẹ̀yìn: ó ń bá ara lọ títí ọjọ́ ikú.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀

Bí ẹ bá máa fo ìgbésẹ̀ kankan, kí ó má ṣe jẹ́ èyí.

Ẹ tún wo ìtò yẹn. Láti orí gbohùngbohùn tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá bọ́ sórí òórùn tó ń gba wákàtí, ó fò jù. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì tó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi kádíbọ́ọ̀dù òfìfo síbẹ̀.

Ohun tí Mendeleev ṣe gan-an nìyẹn. Ó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ silicon, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1871 pé ẹ́límẹ́ǹtì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí yẹ kó wà níbẹ̀: ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ (ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ) á jẹ́ nǹkan bíi 72, sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan rẹ̀ á wọn nǹkan bíi gíráàmù 5.5, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú. Ní 1886, Clemens Winkler rí i nínú òkúta kan ní Jámánì, ó sì pè é ní germanium. Ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 72.6, sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan rẹ̀ wọn gíráàmù 5.3, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ṣáájú èyí, ní 1875, wọ́n ti rí gallium ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí Mendeleev fi àyè sílẹ̀ fún lábẹ́ aluminium. Gallium yìí, bí ẹ bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á yọ́, nítorí kò nílò ju ooru ìwọ̀n 30 ti Celsius lọ.

Kì í ṣe àlá ni Mendeleev fi rí iye wọ̀nyí. Àwọn aládùúgbò àlàfo náà ló wò, ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún àti ti òsì, ó sì mú ohun tó bọ́ sí àárín wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiyín. Gbohùngbohùn kì í dúró lára ohunkóhun. Ipasẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó gbé e dúró. Nítorí náà, ohun tó wà nínú àlàfo yìí á máa dúró díẹ̀ lára nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní lè yí nǹkan ọ̀hún padà. A lè gbọ́ gbohùngbohùn lókèèrè. Ipasẹ̀, ó di ká tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, èyí á fẹ́ kí èèyàn sún mọ́ ọn. Á pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kò sì ní pé wákàtí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kádíbọ́ọ̀dù òfìfo náà, kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ìwé tí ẹ kọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i kò já mọ́ nǹkan kan.

Kí ni mo rò pé ó wà níbẹ̀? Ooru tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lórí àga tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. A máa dán an wò láìpẹ́.

Orúkọ àti àmì

Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì, IUPAC, ló ń fọwọ́ sí orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì gidi. Ọ̀nà tí orúkọ lè gbà wá kò pọ̀: òrìṣà tàbí ìtàn àtayébáyé, bíi thorium tó wá láti ara Thor, ibi kan, bíi polonium, òkúta ilẹ̀, ìwà ẹ́límẹ́ǹtì náà, tàbí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bíi curium. Ní 2016 ni wọ́n fọwọ́ sí mẹ́rin tó kẹ́yìn: nihonium láti ara orúkọ Japan, moscovium, tennessine, àti oganesson tó ń jẹ́ orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yuri Oganessian.

Abúlé kan ní Sweden tó ń jẹ́ Ytterby ti fún ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́rin lórúkọ: yttrium, terbium, erbium àti ytterbium. Kò sí ìlú kan ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kankan. Nínú àtẹ tiyín, ọwọ́ yín ni yẹn wà. Ẹ ní Ọya, ẹ ní Ìyá Mọ̀pó, ẹ ní Òṣogbo àti Ìdànrè, gbogbo wọn ló bá òfin IUPAC mu. Fún àpẹẹrẹ wa, ìwà ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ: Òjìji, Gbohùn, Òórùn, Ipasẹ̀, Àpá. Mo fún èyí tó wà nínú àlàfo ní orúkọ Lọ́wọ́ọ́wọ́.

Àmì wá ńkọ́? Láti ọwọ́ Jöns Jacob Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Sweden, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, la ti ń fi lẹ́tà kan tàbí méjì ṣe é: Fe fún irin, Au fún wúrà, Pb fún òjé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ á jẹ́ ńlá, ìkejì á jẹ́ kékeré. Ẹ yẹ àtẹ gidi wò kí ẹ má baà gba àmì ẹlòmíràn. Lẹ́tà J kò sí nínú àmì kankan nínú gbogbo 118, ààyè sì ṣí sílẹ̀ fún àwa tí J kún inú ọ̀rọ̀ wa: Oj ni Òjìji. Gb ni Gbohùn, kò sí ẹni tó ń lò ó. Lw ni Lọ́wọ́ọ́wọ́. Lawrencium ló ń lo Lw tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi yí tirẹ̀ sí Lr ní 1963, nítorí náà ó ti bọ́ sílẹ̀. Or, Ip àti Ap ni ti àwọn yòókù.

Ẹ ka ọwọ́ wọn

Ẹ́límẹ́ǹtì gidi ní iye ọwọ́ tó fi ń di ẹlòmíràn mú: hydrogen ní ọ̀kan, ọ́síjìn ní méjì, carbon ní mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọ́síjìn kan fi ń di hydrogen méjì mú kí omi tó wà.

Tiyín náà gbọ́dọ̀ ní iye ọwọ́, ẹ má sì kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìlànà tí mò ń lò rèé: yàtọ̀ sí olówó rẹ̀, ohun mélòó ni ẹ́límẹ́ǹtì yìí gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wà? Òjìji gbọ́dọ̀ ní ìmọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa sùn lé. Ọwọ́ méjì. Gbohùn gbọ́dọ̀ ní ògiri tó máa dá a padà. Ọwọ́ kan. Lọ́wọ́ọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní ìjókòó: ọ̀kan. Ipasẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀: ọ̀kan. Òórùn gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́: ọ̀kan. Àpá ńkọ́? Ara olówó rẹ̀ náà ló wà lórí rẹ̀. Kò nílò ohun mìíràn. Òfo ni ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àpá ni ayàwòrán máa kọ́kọ́ fẹ́ lò, nítorí ìtàn wà lára rẹ̀. Òun ló sì kọ̀. Ó wà nínú ipò kan náà pẹ̀lú helium àti neon, tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé òfin tí ẹ fúnra yín ṣe, Àpá á dá wà lórí ògiri tirẹ̀, kò ní sí nínú iṣẹ́ àpapọ̀ kankan. Ẹ má sá fún un. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ so ó mọ́ nǹkan, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó máa gba agbára: ìdílé helium yẹn náà ni xenon, àwọn èèyàn sì gbà pé kì í bá ohunkóhun so pọ̀, títí Neil Bartlett fi so ó ní Canada ní 1962, ohun tó sì lò fún un le débi pé ó lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù, gbà lọ́wọ́ ọ́síjìn fúnra rẹ̀. Ẹ wá ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ tiyín kí ẹ tó rú òfin náà.

Ìdánwò kìíní: ẹ mú Òjìji mọ́lẹ̀ sórí pépà

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kọ́kọ́. Ife tí ẹ bá lò fún ìdánwò kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ohunkóhun wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó. Ẹ má da bílíìsì mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, mọ́ fínígà tàbí mọ́ ìtọ̀. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn nínú yàrá kékeré. Ẹ má tú bátìrì, ẹ má fọ́ gílóòbù gígùn tó ní mákúrì nínú, ẹ má yọ́ òjé. Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, àgbàlagbà ni kó gbé omi gbígbóná.

Ẹ bu ìsápá ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi tí kò pọ̀, kí ẹ sè é títí á fi pupa kíkankíkan, tó pupa ju èyí tí èèyàn ń mu lọ. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì. Á tún pupa sí i, á mọ́lẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ káún kúnná, kí ẹ máa fi ìka méjì bù ú sínú ìkẹta díẹ̀díẹ̀. Á hó, fóòmù á yọ, nítorí ìsápá kan, káún sì ń ta ko ohun tó bá kan. Bí fóòmù bá ti lọ sílẹ̀, ẹ wò ó: pupa ti ń kúrò, ó ń di elésè àlùkò, ẹ tún fi káún sí i, ó ń lọ sí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun díẹ̀díẹ̀ sórí pépà ní gbogbo ìgbà tí àwọ̀ bá yí, kí ẹ kọ ìka mélòó káún tó wọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó wá kàn ni ti Òjìji gangan. Ẹ mú pépà tó nípọn, ẹ kun ún pẹ̀lú omi ìsápá lásán, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú yàrá tí oòrùn kò wọ̀, kí ẹ tún un kun lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá gbẹ, ẹ gbé ewé ìbẹ́pẹ tàbí ohun pẹlẹbẹ mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá lé e, kí ẹ fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e sínú oòrùn níbi tí adìyẹ àti òjò kò ti ní dé. Ẹ má yọ ọ́ kíákíá. Láti ọjọ́ kẹta ni kí ẹ ti máa gbé etí ewé sókè wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà òjò, á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí oòrùn kàn á ṣá, ibi tí ewé bò á ṣì pupa, títí kan àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ etí ewé náà. Òjìji tó máa ń bá olówó rẹ̀ lọ ti dúró sẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: John Herschel ní England kọ̀wé nípa fífi omi òdòdó ya àwòrán lábẹ́ oòrùn ní 1842.

Kò sí ohun tí ẹ lè fi dè é. Bí ẹ bá gbé àwòrán náà kọ́ ojú fèrèsé, yóò máa ṣá lọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń ka èyí sí àléébù. Èmi rí i bí ìwọ̀n tí a ti ń wá, nítorí àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tó wúwo jù náà kì í pẹ́: oganesson tí wọ́n ṣe ní lábù, ìdajì rẹ̀ ti máa lọ kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tí wọ́n tíì rí kò sì pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kà. Àkókò tó ń gbà kí ìdajì lọ ni wọ́n fi ń dá irú wọn mọ̀. Ẹ wá ti Òjìji. Ẹ kun pépà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, ẹ fi kádíbọ́ọ̀dù bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ máa fa kádíbọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan lójoojúmọ́. Lópin rẹ̀ ẹ máa ní àtẹ̀gùn àwọ̀ láti orí pupa títí dé èyí tó ti ṣá tán. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà níbi tí àwọ̀ ti di ìdajì, ẹ kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù Oj. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi tí ẹ fún ọsàn sí àti èyí tí ẹ fi káún sí. Èmi kò ní sọ èyí tó máa pẹ́ jù fún yín.

Àwọn aláró wa ti ń ṣe irú ìdánwò yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, kò ní tíì dú. Àwọ̀ ewé tó ń bì sí pupa rúsúrúsú ni ẹ máa rí, ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó ń di búlúù lójú yín. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ní ààyè láti lọ sọ́dọ̀ aláró ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, ẹ mú ìwé àjákọ yín dání, kí ẹ bẹ ìyá náà kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi fóònù ka àkókò tí aṣọ fi ń yí padà.

Bí ìdánwò bá gba ọ̀nà tí ẹ kò fọkàn sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó da nǹkan nù. Ní 1967, jàǹbá ásíìdì kan nínú iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ló ṣílẹ̀kùn ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tó pè ní plastograph fún un, ó sì ti fi ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdánwò kejì: ẹ wá Lọ́wọ́ọ́wọ́

Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kó àga oníke, àga onígi, àga onírin àti àga onífóòmù sínú yàrá kan. Ẹnì kan á jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún; lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe fún àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, fún àkókò kan náà. Ẹlòmíràn á dúró síta, kó má mọ ibi tó jókòó sí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dìde, kí ẹ tan aago fóònù. Ẹni kejì á wọlé, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo àga, á sì sọ èyí tí Lọ́wọ́ọ́wọ́ wà lórí rẹ̀. Kó máa fọwọ́ kàn án léraléra títí kò fi ní mọ ìyàtọ̀ mọ́, kí ẹ wá kọ àkókò sílẹ̀.

Onírin máa tètè tú, nítorí irin máa ń gbé ooru kiri kíákíá; ti fóòmù máa pẹ́ jù ú lọ. Ẹ wá yí kádíbọ́ọ̀dù òfìfo náà padà, kí ẹ ka ohun tí ẹ ti kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìṣẹ́jú ni, àbí wákàtí? Ṣé ó di dandan kí èèyàn sún mọ́ ọn? Ṣé ó dúró lára nǹkan láì yí i padà? Èyí tó bá bọ́ sí i, ẹ fi ààmì sí i. Èyí tí kò bọ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ so wọ́n pọ̀

Òjìji ní ọwọ́ méjì, Gbohùn ní ọ̀kan. Nítorí náà OjGb₂ ni ohun tí wọ́n lè jọ dà, bí H₂O. Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe gbọ́dọ̀ ní òjìji kan àti gbohùngbohùn méjì, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ẹ ta aṣọ funfun, ẹ gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, kí òṣèré kan dúró sí àárín. Ẹ wá ògiri méjì tó lè dá ohùn padà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kò sí ẹgbẹ́ akọrin, kò sí òjìji kejì, bó ti wù kó wù yín tó. Tí ẹ bá rí i pé ẹ nílò òjìji kejì, ẹ nílò gbohùngbohùn méjì mìíràn nìyẹn, ó sì ti di iṣẹ́ mìíràn. Mo fẹ́ràn ìhámọ́ yìí. Òun ló ń lé oníṣẹ́ ọnà kúrò nínú àṣà tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

OjLw₂ wá ńkọ́? Òjìji kan, ìjókòó méjì tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn méjì ti dìde lọ, òjìji ta ló kù? Ẹ lọ ṣe é.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ́límẹ́ǹtì yín ti tú

Láàárín iṣẹ́, ẹnì kan lè fi hàn yín pé ohun tí ẹ pè ní ọ̀kan jẹ́ méjì. Òórùn tiẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù nínú àtẹ yìí, torí òórùn ọbẹ̀ àti òórùn èèyàn kì í pẹ́ bákan náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láti 1841 ni wọ́n ti ń ka didymium mọ́ ẹ́límẹ́ǹtì, títí Carl Auer von Welsbach fi tú u sí praseodymium àti neodymium ní 1885. Nígbà mìíràn ẹ́límẹ́ǹtì tuntun máa ń jẹ́ ti àtijọ́ tó wọ aṣọ mìíràn: William Huggins rí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé kan lójú ọ̀run ní 1864, wọ́n fún ohun tó ń tàn án lórúkọ nebulium, ó sì di 1927 kí Ira Bowen tó fi hàn pé ọ́síjìn ni, tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n ìlà ìmọ́lẹ̀ òfeefèé tí wọ́n rí lára oòrùn ní 1868, tí wọ́n pè ní helium, òótọ́ ló já sí. William Ramsay rí helium náà nílé ayé níbí ní 1895.

Bí tiyín bá tú, ẹ má ju kádíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nù. Ẹ fa ìlà pupa kan lé e, ẹ kọ ohun tó tú sí àti orúkọ ẹni tó tú u, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ.

Ìpàtẹ

Ẹ kọ́ àwọn kádíbọ́ọ̀dù náà sára ògiri ní ìtò wọn: àmì, orúkọ, bó ṣe ń pẹ́ sí, iye ọwọ́, àti ìdánwò kan tí aláìmọ̀kan lè tún ṣe. Ẹ gbé àwọn pépà ìsápá sínú àpótí tó ní ìdérí, kí àwọn tó bá wá wò wọ́n máa ṣí i fúnra wọn. Wọ́n á mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí àwọn bá ṣí i ni ó ń ṣá sí i.

Àlàfo kan ṣì wà, láàárín Ipasẹ̀ àti Àpá. Kí ló ń pẹ́ ju ipasẹ̀ lọ, tí kò pẹ́ tó àpá? Ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì kọ òfin rẹ̀ sí òkè: ẹni tó bá fẹ́ kún un gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ń pẹ́ sí, iye ọwọ́ rẹ̀, àti ìdánwò tí ẹlòmíràn lè ṣe láìsí òun níbẹ̀. Ẹni tó bá mú orúkọ nìkan wá, ẹ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ìta àtẹ náà títí yóò fi mú ìdánwò rẹ̀ dé.